Ìran Tí Mo Rí sí Ejò Góòlù Fèyísọ́lá

Mo ti ka ìtàn àwọn tó ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn yìí, gbogbo wọn ni èṣù tì. Èṣù ló ti ẹni tó gba ọkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀, èṣù náà ló ti ẹni tó ta ilé bàbá ẹ̀. Èṣù ò ráyè tèmi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn débi tí mo dé, mo sì wọ bàtà tó dáa lọ.

Yẹ́misí ni wọ́n ń pè mí. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkè Gàdà l'Ẹ́dẹ. Ọdún 1984 ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, tí wọ́n ní ká máa tò sórí ìlà fún gbogbo nǹkan. A tò fún mílíìkì, a tò fún ọṣẹ ìfọṣọ. Ìyá kan ládùúgbò wa tò fún wákàtí kan gbáko, ó dé iwájú tán kó tó mọ̀ pé òkú ni àwọn èèyàn ń tò wọlé lọ wò. Ó wò ó, ó sì lọ sílé.

Fèyísọ́lá ni ọ̀rẹ́ mi. A jọ lọ sí ilé ìwé mọ́dà ni, ìjọ kan náà la sì ń lọ. Nígbà tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ṣáájú kí àwọn ológun tó dé, èmi ni mo rán aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé aṣọ náà lọ kó dán an wò ni mo kọ́kọ́ rí ejò náà.

Ẹ̀gbà ọwọ́ ni, ti góòlù, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ sí apá lókè ìgúnpá. Ejò ni wọ́n fi ṣe. Ó ká mọ́ apá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èèyàn lè ka ìpẹ́ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé mẹ́ta tò sí i lórí, òkúta pupa méjì ló sì fi ṣe ojú. Bí Fèyísọ́lá bá ti mi apá báyìí, ejò náà á wò mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́jọ́ náà.

Màmá rẹ̀ ló ni ín. Wọ́n ṣòwò ní Kùmásí fún ogún ọdún, ìdí nìyẹn tí gbogbo Ẹdẹ fi ń pè wọ́n ní Màmá Kùmásí. Ọwọ́ opó ìjòyè kan lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rà á, góòlù náà sì ti dàgbà ju àwọn fúnra wọn lọ. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ará wa kúrò ní Gánà lọ́dún 1969, ṣọ́ọ̀bù Màmá lọ, ẹrù wọn lọ. Ejò yìí nìkan ni wọ́n so mọ́ ìdí lábẹ́ ìró, tí wọ́n fi kọjá lójú àwọn aṣọ́bodè.

Màmá wá sọ ọ́ di òfin ilé. Ọmọbìnrin wọn èyíkéyìí tó bá ń lọ sílé ọkọ, ejò náà gbọ́dọ̀ wà lápá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Fèyísọ́lá ni àkọ́bí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi í sí, pé kó máa tọ́jú rẹ̀ de Ọpẹ́yẹmí àbúrò rẹ̀.

Èmi náà ní góòlù tèmi nígbà yẹn o. Bí òógùn bá ti kàn án, ọrùn mi á di àwọ̀ ewé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Jacob ọkọ Fèyísọ́lá wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí àwọn ológun ní kí wọ́n máa lọ sílé. Akọ̀wé tó ti ń fi báírò jẹun láti kékeré, ó di ẹni tó ń kọ ebè ní Alájué. Fèyísọ́lá ń tẹ̀ lé e lọ sóko. Ejò pọ̀ lóko náà, kò sì pẹ́ tí Fèyísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá ejò. Ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán yẹra fún ejò láàárín ebè, kí ni ẹ fẹ́ kó máa rí lójú àlá, búrẹ́dì?

Ṣùgbọ́n àkókò ìsọjí ni. Oníwàásù kan ti wá sí ìjọ wa, ó ní ohun ọ̀ṣọ́ ni ilẹ̀kùn tí ọ̀tá ń gbà wọlé. Àwọn obìnrin ń yọ yẹtí sínú agbọ̀n ọrẹ. Èmi náà fara balẹ̀ gbọ́ ìwàásù ọ̀hún, mo gbọ́ ọ ju bí oníwàásù ṣe sọ ọ́ lọ.

Fèyísọ́lá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń sunkún. Ó ní òun tún ti lálàá ejò, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ rèé, ẹ̀rù sì ń ba òun nítorí ọkọ òun. Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Fèyí, ejò wo ló wà nílé rẹ?"

Ó ní kò sí ejò kankan nílé àwọn. Mo doríkodò, mo ń tú òwú. Ó ṣe díẹ̀, mo rí i tó gbé ọwọ́ lé apá ara rẹ̀ lókè ìgúnpá.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò dárúkọ góòlù. Òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ rẹ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ tán ni mo ní kó má kánjú, pé màá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún òun àti Jacob, ká gbọ́ ohun tí Olúwa máa sọ. Babátúndé ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè ọya, kò sí nílé. Èmi nìkan ni mo jẹ ẹja inú ìkòkò tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta ààwẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin mo rí ìran. Mo ní mo rí Jacob tó fẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ejò kan ká mọ́ ẹsẹ̀ àga náà, kò jẹ́ kó jókòó. Mo ní ojú ejò náà pupa. Ibi tí mo ti dárúkọ ojú pupa yẹn ni Fèyísọ́lá ti kúnlẹ̀.

Ó ní kí ni ṣíṣe. Mo ní omi tó ń ṣàn ni ká jù ú sí. Mo ní ẹni tó ni ín ò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ jù ú, kò sì gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń fi kún un, bí ẹni tó ń gbé léèsì sí etí aṣọ.

Ohun kan ṣoṣo ló dá a dúró. Ó ní kí ni òun máa sọ fún màmá òun. Mo ní ṣé màmá rẹ̀ ló máa wá bá a gbé ilé ọkọ rẹ̀ ró ni. Ó sunkún díẹ̀ sí i, ó sì gbà.

Odò Ọ̀ṣun la lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ti fún un ní áńkáṣífù funfun kan kó fi di ejò náà. Ìkejì rẹ̀, tí mo gé lára aṣọ kan náà, wà nínú báàgì mi, òkúta ló wà nínú ẹ̀. Fèyísọ́lá gbé e lé mi lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sódò, ó ń kọrin. Mo ju òkúta sómi, ó ró dáadáa. Ó yípadà, ó sì dì mọ́ mi tọkàntọkàn. Báàgì náà wà láàárín àwa méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Ọlọ́run máa ń tètè mú olè, ẹ gbọ́ èyí. Kò tó oṣù kan sígbà yẹn, ẹnì kan tó ń sin adìyẹ l'Óṣogbo gba Jacob síṣẹ́ akọ̀wé. Fèyísọ́lá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pè mí síwájú ìjọ, ó ní kí gbogbo èèyàn bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo di ojú, mo mi orí bí ẹni tí kò yẹ fún irú ọlá bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, mímì orí yẹn nìkan ni òtítọ́.

Báyìí ni mo ṣe di aríran. Ọ̀kan mú ẹ̀gbà ọrùn tó ní àwòrán ìjàpá wá, ó ní kí n wò ó bóyá òun ló ń fa àìsàn. Òmíràn mú ìgbànú ọkọ rẹ̀ wá nítorí orí kìnnìún tó wà níwájú ẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa kó wọn lọ sílé, kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní ẹ ò rí i, kò tiẹ̀ kó ohun tó bá rí.

Kí lẹ rò pé mo fi góòlù náà ṣe? Mo tilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, mo wọ̀ ọ́ níwájú dígí. Lọ́sẹ̀ kejì, mo wọ̀ ọ́ tí mo fi gbálẹ̀. Obìnrin ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ohun ọ̀ṣọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo bá rán aṣọ kan tí apá rẹ̀ fẹ̀ gan-an, tó gùn, tí rọ́bà fún un lọ́rùn ọwọ́. Mo wọ ejò sábẹ́ ẹ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó ti Fèyísọ́lá.

Aṣọ náà ni àwọn obìnrin ń wò. Wọ́n ní irú apá aṣọ wo nìyí, wọ́n fẹ́. Nígbà tó fi máa di Kérésìmesì, ìdajì àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ló ń wọ apá aṣọ tí mo dá láti fi bo olè mọ́lẹ̀. Mo rán an títí tí ìka fi ń ro mí.

Ní gbogbo Sátidé, Fèyísọ́lá ń gbé iṣu wá fún mi láti Alájué, àti ẹyin láti ibi iṣẹ́ Jacob. Ó ní òun ò lè jẹ kí n má jẹ. Ìtìjú ń mú mi bí mo bá rí i tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mi ò parọ́ fún yín. Bó bá ti lọ tán, màá gúnyán. Ìtìjú ò dí ọ̀nà ọ̀fun rí.

Mo sanra. Lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù Kejì, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo fẹ́ yọ ejò, ejò ò yọ. Mo fi ọṣẹ sí i, mo fi òrí sí i, mo fi epo sí i. Apá wú sí i nítorí bí mo ṣe ń fà á. Nígbà tí Babátúndé dé láti òkè ọya, mo ti fi aṣọ wé e, mo ní eéwo ni. Ó ní kí n pẹ̀lẹ́. Bí mo bá ń jáde, màá tú u, apá aṣọ ni màá fi bò ó.

Rájí, alágbẹ̀dẹ góòlù tó mọ iṣẹ́ jù l'Ẹ́dẹ, ló ń bá Màmá Kùmásí fọ ejò yìí lọ́dọọdún. Mi ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo lè lọ sí Òṣogbo, kí wọ́n gé e níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí pé wọ́n máa gé e, ọkàn mi ò gbà. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ni Màmá Kùmásí dé láti ìlú Awo, níbi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọkùnrin wọn. Ọpẹ́yẹmí ti rí ọkọ. Wọ́n wá gba ejò.

Fèyísọ́lá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní Màmá ní kí òun tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bóyá etí àwọn ni ò gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní títí wọ́n á fi rí ejò náà, àwọn ò ní jẹun nílé Fèyísọ́lá mọ́, kò sì gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ ibi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Wọ́n kẹ́rù lọ sílé ẹbí wọn.

"Yẹ́misí, màmá mi ò dáhùn ìkíni mi mọ́," ló wí. "Mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá."

Kò bínú sí mi. Ó ní òun ò kábàámọ̀, nítorí Jacob ń ṣiṣẹ́. Màmá òun nìkan ni òun fẹ́. Ejò tó ń wá wà lápá mi, kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí n sọ, kí ó rí màmá rẹ̀ gbà padà. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Jẹ́ ká gbàdúrà."

Lọ́jọ́ Tuesday, Màmá Kùmásí fúnra wọn dé ṣọ́ọ̀bù mi, Fèyísọ́lá ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, apẹja méjì ń bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ tán kí n tó rántí pé obìnrin ni mí, mo bá kúnlẹ̀. Màmá ní odò ti fà, ẹ̀ẹ̀rùn ni, àwọn apẹja yìí máa wá a. Wọ́n ní níwọ̀n bó ti jẹ́ èmi ni mo jù ú, èmi ni mo mọ ibẹ̀. Mi ò rí irọ́ pa. Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì tẹ̀ lé wọn.

Ká tó dé odò, a ti di èrò. Àwọn obìnrin akọrin wà níbẹ̀ nínú apá aṣọ mi. Àwọn apẹja wọ omi dé ìbàdí, wọ́n ń fẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀. Wọ́n fa ìkòkò jáde, wọ́n fa irin kẹ̀kẹ́ jáde. Fèyísọ́lá kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, kò dìde. Oòrùn mú.

Màmá yíjú sí mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní níwọ̀n bí mo ti ń rí ìran, kí n wò ó fún àwọn. Àwọn obìnrin bá gbà á lẹ́nu wọn pé kí ìyá aríran gbàdúrà, ojú àwọn apẹja á là. Mo di ojú. Mo nawọ́ méjèèjì sókè, bí a ṣe ń ṣe ní ìjọ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rọ́bà díẹ̀. Rọ́bà aṣọ tó dáa, Kùtọ̀nú ló ti ń wá, àwọn ológun sì ti ti bodè. Tíúbù kẹ̀kẹ́ ni mò ń gé tẹ́ẹ́rẹ́ fi ṣe é. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà nínú oòrùn. Ó já lọ́rùn ọwọ́ mi, apá aṣọ náà sì wọ́ wálẹ̀ dé èjìká.

Èmi ò mọ̀. Mò ń gbàdúrà lọ. Gbogbo èèyàn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo rò pé agbára ti sọ̀ kalẹ̀ ni, mo bá tún gbóhùn sókè. Mo ní kí ohun tó fara sin jáde síta. Nígbà tí mi ò gbọ́ àmín, mo lajú. Àwọn apẹja méjèèjì dúró nínú omi, wọ́n ń wo apá mi.

Màmá Kùmásí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jáde nínú omi, ẹ̀yin ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Mo ti rí i."

Mi ò lè sọ bí ojú Fèyísọ́lá ṣe rí, nítorí mi ò wo ibẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ, mo ní kò ṣeé bọ́. Màmá fà á, mo kígbe. Ni wọ́n bá fi mí síwájú, a gba àárín ìlú lọ sọ́dọ̀ Rájí, apá aṣọ mi já wálẹ̀, ejò ń kọ mànà nínú oòrùn. Àwọn tí wọ́n jókòó níwájú ilé ń dìde wò.

Rájí gbé ayùn jáde. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní gé ejò àwọn, apá ló máa kéré. Rájí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n so apá náà sókè kí wíwú rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, kí wọ́n má sì fún mi ní oúnjẹ tó le.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹbí wọn, ọwọ́ mi wà ní síso mọ́ irin fèrèsé, tí mò ń mu ẹ̀kọ mímu. Babátúndé wá, ó wò mí, ó ní eéwo yìí mà dán o, ó sì padà sílé. Gbogbo àgbà tó ń kọjá ló ń sọ fún mi pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èmi ni mò ń bá wọn parí ẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà wá. Àwọn kan ní ẹ ò rí i pé ejò náà ní agbára lóòótọ́, ẹ wo bí ó ṣe di olè mú. Obìnrin onígbànú rọra bi mí létí pé ti kìnnìún ọkọ òun ńkọ́.

Màmá ò pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn ológun ti ń kó èèyàn jù sẹ́wọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ò fẹ́ kún un.

Fèyísọ́lá ló ń gbé ẹ̀kọ wá fún mi, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Á gbé e sí mi lẹ́nu nítorí ọwọ́ kan. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Ì bá bú mi, ǹ bá gbádùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó gbé omi ọṣẹ wá. Ó tú ọwọ́ mi kúrò lára irin, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀, ó sì ń rọra yí ejò náà, ó ń yí i, kò kánjú. Ó gba ìgúnpá kọjá, ó jáde. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Kò tíì dìde.

"Yẹ́misí, nígbà tí o ní o gbààwẹ̀ yẹn," ló wí, "ṣé o gbàdúrà fún Jacob? Ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Mo wò ó. Ó ń dúró de ìdáhùn, ó sì fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo gbà á," ni mo wí. "Lójoojúmọ́."

Ó ní o ṣé. Ó mú ejò náà wọlé tọ màmá rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ nígbà tó kí wọn, mo sì gbọ́ nígbà tí Màmá dá a lóhùn, tí wọ́n pè é ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n máa lọ. Mo kàn dìde ni.

Ó lọ sí ìgbéyàwó Ọpẹ́yẹmí, wọ́n ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ ejò náà fún un. Òun àti Jacob kó lọ sí Òṣogbo lọ́dún kejì. Babátúndé ṣì ń bá mi gbé, ó sì ń bèèrè eéwo mi bí àlejò bá wà nílé. Mo ṣì ń ránṣọ. Apá aṣọ tóóró ni mò ń rán.

Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ lẹ fẹ́ kí n fi parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jalè kó jà á, kó má da orúkọ Ọlọ́run pọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí yín ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Fèyísọ́lá ń ka ìwé ìròyìn yìí láti ìgbà tí a ti wà ní mọ́dà, mo mọ̀ pé á rí i.

Fèyí, mi ò gbàdúrà fún Jacob. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.